Ọkùnrin Tó Ya Lẹ́tà Wa Kú, A Ò Rí Ìkéde Rẹ̀ Kà

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, bàbá arúgbó kan kú sórí àga onírin tó wà lẹ́nu àbáwọlé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ó ti jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Ìwé ìròyìn ọjọ́ náà wà lórí itan rẹ̀, bírò pupa wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Obìnrin tó ń gbàlejò rò pé oorun ló gbé e lọ, ó tilẹ̀ dín ohùn rédíò kù kó má baà jí i. Ìgbà tí ẹni tó ń gbálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó ká ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, tí kò dáhùn, ni wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ni bàbá náà wá rí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún péré ló wà láàárín àga yẹn àti yàrá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin agbàlejò pè mí lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó sọ pé mo wà nípàdé. Ìpàdé wo, jàre? Tíì ni mò ń mu, mò ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ níbí. Ojú ń tì mí, ìtìjú náà ló sì ń ti bírò mi lọ.

Ta ni bàbá náà? Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ kàn ò mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n ni. Ẹ wo lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibẹ̀ o, lẹ́tà gan-an ni mo ní kí ẹ wò: bí ikùn "a" ṣe yọ, bí "t" ṣe dúró gbọnrangandan láìfara ti ẹnikẹ́ni. Òun ló yà á. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìwé ìròyìn yìí ti ń fi lẹ́tà tó yà jẹun, a ò sì fi ìlà kan ṣoṣo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bàbá Rúlà ni àwa tí a jọ ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí rúlà irin kékeré kan tí kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin pàápàá, rúlà náà wà nínú kóòtù, ó sì yọ ọ́ láti wo kéèkì bóyá ó gún. Kò gún, ó sì sọ fún ẹni tó ṣe é.

Kó tó ya tiwa, lẹ́tà tí a ń lò ní ìkángun wẹ́wẹ́ tó yọ síta lórí àti nísàlẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà tó tún dé fìlà. Ó dára nínú ìwé olówó ńlá. Ṣùgbọ́n bébà tiwa ò nípọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ń sáré, gbogbo ìkángun wẹ́wẹ́ yẹn á sì dà rú mọ́ra wọn. Bàbá Rúlà bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù. "Lẹ́tà tèmi ò ní wọ bàtà," ló wí fún àwọn ọ̀gá. "Ìwé ìròyìn ń sáré. Ta ló ń fi bàtà onígìgísẹ̀ sáré?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ nígbà náà ni, mo sì rò pé aláwàdà lásán ni bàbá yìí.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi yà wọ́n, lórí tábìlì kan tó kọjú sí fèrèsé, pẹ̀lú pẹ́ńsù, rúlà àti awò tí ń mú nǹkan tóbi. Mẹ́rin ni wọ́n, ẹbí kan náà ni wọ́n, ó sì pè wọ́n bí a ṣe ń pe ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ni èyí tó sanra, tó ń pariwo níbi àkọlé. Ìyá ni èyí tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí. Òun lẹ ń kà lọ́wọ́ báyìí. Àbúrò ni èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wà lábẹ́ àwòrán. Èyí tó kéré jù lọ, tí kò tóbi ju èèrà lọ, ni Àbíkẹ́yìn. Ìkéde òkú ni ó yà á fún. Nínú ọdún mẹ́ta yẹn, Àbíkẹ́yìn nìkan gba ọdún kan àti ààbọ̀.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà tó báyìí nítorí lẹ́tà tí a fi ń kéde òkú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lo rò pé ó ń ka ìkéde òkú?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Àwọn àgbà ni. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀rẹ́ wọn ló kú, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti lọ sin ín. Bí wọ́n bá ṣi àkọlé ńlá kà, wọ́n á tún un kà. Bí wọ́n bá ṣi èyí kà, ó tán nìyẹn. Ṣé wọ́n á lọ jí òkú ni kí wọ́n tún un sin?"

Ó wá fi àṣírí Àbíkẹ́yìn hàn mí. Ó ti ẹnu igi kékeré bọnú yíǹkì, ó kán an sórí bébà wa, a jọ ń wò ó bó ṣe ń tàn ká. "Ṣé o rí i? Yíǹkì kì í dúró síbi tí a bá fi í sí." Ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé nínú lẹ́tà, ibẹ̀ ni yíǹkì máa ń kó jọ sí, tí á sì dí i pa. Nítorí náà, Bàbá Rúlà gé igun kékeré kan kúrò níbi gbogbo tí ìlà ti pàdé, nínú gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà Àbíkẹ́yìn. Bí ẹ bá mú lẹ́tà náà tóbi, ẹ ó rò pé nǹkan kan ti gé e jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní kékeré bó ṣe yẹ, yíǹkì á tàn wọnú àlàfo yẹn, á kún un, lẹ́tà á sì jáde kedere. Ibi ìmí ló ń pe àwọn àlàfo náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣàlàyé, bí ẹni tó rí nǹkan he. Inú mi dùn débi pé mo délé mo ń rò ó fún ìyàwó mi.

Torí náà, mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò mọ̀.

Lọ́dún méje sẹ́yìn, lẹ́yìn tí Bàbá Rúlà ti fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n sì kó gbogbo lẹ́tà wa sínú rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà pe ìpàdé. Wọ́n fi iná ẹ̀rọ tan Àbíkẹ́yìn sára ògiri, nọ́ńbà 3 kan ṣoṣo ga tó ènìyàn. Gbogbo àlàfo yẹn hàn gbàǹgbà. Ọ̀gá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Eku ló jẹ ẹ́ ni?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tí a ti ń tẹ̀ fáráyé látọjọ́ yìí nìyí? Ẹ bá mi dí i, kó jọ lẹ́tà ọmọlúàbí." Ó yíjú sí mi, nítorí èmi ni igbákejì olóòtú, abẹ́ mi ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà. "Àbí kí lo rí sí i?"

Kí ni mo rí sí i? Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí àlàfo yẹn wà fún. Gbólóhùn kan péré ló gbà: "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀, ó nídìí." Mi ò sọ ọ́. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa ba ẹ̀rín ọ̀gá jẹ́. Àga olóòtú ti fẹ́ ṣófo nígbà náà, ojú mi sì wà lára rẹ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni, sà." Mo tún fi ẹ̀rín tèmi lé e. Mo fọwọ́ síwèé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti dí gbogbo ibi ìmí Àbíkẹ́yìn pátápátá, nọ́ńbà wá dán bí ẹyin. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo di olóòtú.

Láti ìgbà yẹn ni ìkéde òkú wa ti ń jáde bí ẹni fi èédú nu bébà. Àwọn ènìyàn pè wá. A ní bébà ni. Wọ́n tún pè wá. A ní yíǹkì ni. Àwọn tí kò yé pè, a ní kí wọ́n lọ rí dókítà ojú. Ẹ gbọ́ o, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún pé kó lọ pààrọ̀ awò ojú rẹ̀. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Rúlà ní tirẹ̀ rí i lọ́jọ́ kìíní pàá. Ó mú ìwé ìròyìn wá, ó ti fi bírò pupa yí gbogbo lẹ́tà tó dí po. Lọ́jọ́ yẹn mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo fún un ní tíì, mo ní, "Mo máa wò ó, Bàbá." Ẹ̀yin náà mọ ìtumọ̀ "mo máa wò ó" lẹ́nu ọ̀gá. Òun ò mọ̀ ọ́n, tàbí ó mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ gbà ni. Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé kejì, àti lọ́jọ́ Ajé kẹta. Nígbà tó ṣe, mi ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dúró, á fi ìwé náà sílẹ̀ fún obìnrin agbàlejò, á lọ. Lẹ́yìn tó kú, mo ṣí àpótí tábìlì mi, mo ka ìwé ìròyìn alámì pupa tó wà níbẹ̀: igba ó lé mọ́kànlá. Ọ̀kan tún wà lábẹ́ ife tíì mi.

Ìwé pélébé tó máa ń kọ há inú wọn kì í ju ìlà mẹ́rin lọ. Kò bèèrè ohunkóhun fún ara rẹ̀ rí. Èyí tó kẹ́yìn nìyí: "Ọ̀gá olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ibi ìmí Àbíkẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ pé lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo lè fi bá yín tún un ṣe, mi ò ní gba nǹkan kan. Òkú àwọn ènìyàn ni ẹ fi ń ṣeré yìí. Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú ló kọ ọ́. Mi ò ṣí ìwé náà wò títí tó fi kú.

Nígbà tó wá kú tán, ìfẹ́ wa wá gbóná! Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n pèsè bọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí wọ́n ra òdòdó ẹ̀yẹ, kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ẹnì kan ní ká pe ìyàwó rẹ̀ ká bèèrè ọjọ́ ìsìnkú. Èmi ni mo dá a lóhùn: "Kí la ó máa da opó láàmú sí? Ṣebí inú ìwé ìròyìn wa ló ti kéde rẹ̀?" Lóòótọ́ ni. Obìnrin náà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi tí a ti ń gba ìkéde, ó kọ ọ́ kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ló kú. A ṣí ojú ewé náà. Ọjọ́ 18 la rí. Ọ̀gá Àgbà rí 18. Èmi náà rí 18. Àwa tí a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìwádìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a gba tiwa gbọ́ láìwádìí rẹ̀ rárá.

Ènìyàn mọ́kàndínlógún la wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejìdínlógún, gbogbo wa nínú aṣọ dúdú. A dé itẹ́ òkú, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń fọ ṣọ́bìrì lẹ́nu omi ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo wí. "Ìsìnkú bàbá kan la wá ṣe, ẹni tó ń ya lẹ́tà ìwé ìròyìn."

"Ṣé bàbá tí wọ́n fi rúlà sínú pósí rẹ̀?"

"Òun ni."

"Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ọjọ́ kẹtàlá la ti sin bàbá yẹn. Ọjọ́ márùn-ún rèé."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo na ìwé ìròyìn sí i, mo fi ìka tọ́ ọ. Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ṣé 3 nìyí, àbí 8?" Ó wá rí orúkọ ìwé ìròyìn náà lókè. "Áà, ìwé yìí náà ni! Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta lọ́dún yìí. Ìdílé kan wá lóṣù kejì, òkè òkun ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sin ẹ̀gbọ́n wọn. Ibojì tó ti gbẹ ni mo fi hàn wọ́n. Ọkùnrin ńlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ta ló tilẹ̀ ń tẹ nǹkan yìí?"

Ọ̀gá Àgbà ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ojú ewé mẹ́rin wà lápò mi, mo ti ki bàbá náà níbẹ̀ pé ó jẹ́ òpó ilé iṣẹ́ wa. Mo fi ọwọ́ rún un nínú àpò.

Láti ibẹ̀, èmi nìkan ló lọ sílé rẹ̀. Àwọn yòókù rántí pé iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti tábìlì ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé kan náà. Àwòrán "g" kan tó tóbi bí abọ́ ṣì wà lórí tábìlì náà, pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ foríjì wá. A ṣi ọjọ́ kà."

"Ẹ ò ṣì í kà," ó wí. "Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Ó ní àwọn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀: òun, ọmọ méjì, aládùúgbò kan, àti ẹni tó gbàdúrà. "Àwọn tó ń sin ín ní ká máa bá a lọ, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ní sùúrù. Mo ní àwọn oníwèé ìròyìn ń bọ̀, wọn ò jẹ́ ṣàìwá, ọgbọ̀n ọdún ni bàbá wọn fi bá wọn ṣiṣẹ́. A dúró títí oòrùn fi kan wá látàrí. Ojú tì mí fún un, ẹ gbọ́? Ojú tì mí fún ọkọ mi níwájú àwọn ọmọ rẹ̀."

Mo ní ilé iṣẹ́ fẹ́ fi odidi ojú ewé kan yẹ́ ẹ sí, pẹ̀lú àwòrán ńlá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹ̀wù kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó yí ọrùn rẹ̀ síta. "Ẹ wò ó. Bí mo bá rán ọrùn aṣọ tán, mo máa ń fi àlùmágàjí gé e wẹ́wẹ́ nínú, kó má baà ká jọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní mo ba aṣọ jẹ́. Èwo wá ni kí ẹnì kan gba abẹ́rẹ́, kó lọ rán gbogbo ibi tí mo gé pa? Ohun tí ẹnì kan ṣe fún bàbá wọn nìyẹn. Kí n fi odidi ojú ewé kan ṣe kí ni? Ẹ lọ ṣí ibi tí ẹ dí. Àwọn ẹlòmíì ṣì ń kú, ọ̀gá."

Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí páálí mẹ́rin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àwòrán Àbíkẹ́yìn ló wà níbẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan, àlàfo kọ̀ọ̀kan. Ó ní a lè wá gbé e nígbàkígbà. "Ṣùgbọ́n ẹni tó dí i ni kó wá gbé e. Kó dúró síwájú mi, kó sọ pé òun ni. Bàbá wọn fẹ́ mọ̀ ọ́n kó tó kú. Ó ní kò dá òun lójú pé ìkà ni onítọ̀hún, bóyá kò kàn sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un ni."

Bóyá kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un! Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú obìnrin yẹn. Mo ní, "Mo máa jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn, Mọ̀mí." Mo dìde, mo jáde. Mo ti di olóòtú láti ọdún méje, mo sì sá fún ọ̀rọ̀ méjì: èmi ni.

Ọ̀gá Àgbà ti ní kí n má kọ eléyìí. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Sà, aṣọ yìí ti rùn kọjá inú ilé. Ta ló fẹ́ jẹ́jọ́ rẹ̀? Kọ̀ǹpútà? Àbí eku? Lójoojúmọ́ là ń kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ìjọba dá ẹni tó ṣẹ̀ lẹ́bi, pé kí ọ̀gá ilé ìwòsàn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, pé kí ẹni tó kọ́ afárá tó wó wá ṣàlàyé. Tiwa ńkọ́? Ọdún méje la fi pa ọjọ́ ìsìnkú mọ́ àwọn ọlọ́fọ̀ lójú, a sì ń sọ fún wọn pé ojú wọn ló fọ́.

Mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ yìí ṣí gbogbo ibi ìmí Àbíkẹ́yìn kí oṣù yìí tó tán, ní ìbámu pẹ̀lú àwòrán ẹni tó yà á. Mo fẹ́ kí a tún ìkéde Bàbá Rúlà tẹ̀, kí ọjọ́ inú rẹ̀ ṣe é kà. Mo fẹ́ kí a bèèrè lójú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n tó sanra jù, pé kí gbogbo ìdílé tó ṣi ọjọ́ kà nítorí wa jáde wá, kí a bẹ̀ wọ́n lójúkojú. Kí ìgbìmọ̀ olùdarí pe àwa mọ́kànlá tí a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ ìdáhùn wa jáde láìyọ ohun kan kúrò. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà láti àná.

Ní àárọ̀ yìí, kí ẹ tó ka èyí tán, màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà obìnrin aránṣọ náà. Bí kò bá ṣílẹ̀kùn fún mi, kò jẹ̀bi. Mọ̀mí, èmi ni mo dí i, wọ́n sì ti ṣàlàyé fún mi.